Àjàṣẹ́: etí wà nílé, ojú wà lájò

Ọjọ́bọ̀

Ìdí-Ìrókò la gbà. Ẹni tó bá ń lọ sí Kùtọnù ni kó gba Sẹ̀mẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀) tààrà, tí kò sì fẹ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Àgbádárìgì gba gbogbo ọjọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, Ìdí-Ìrókò ló yá. Ìjọba Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ pa lọ́dún 2019, ó sì di 2022 kí wọ́n tó ṣí ti ibí yìí padà. Ìyà ọ̀hún ò tíì tán lára ìlú náà. Ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti dípẹtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ lọ. Aṣọ ni Àǹtí ń tà l'Ábẹ́òkúta. Wọ́n ti ná ọjà Dantokpa ní Kùtọnù títí, wọn ò sì sun Àjàṣẹ́ rí. "Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" ni wọ́n bi mí nígbà tí mo kọ́kọ́ dá a lábàá. Ìbéèrè gidi ni. Olú ìlú Bẹ̀nẹ̀ ni Àjàṣẹ́ nínú ìwé òfin, àmọ́ ààrẹ ò gbé ibẹ̀, bàlúù kì í balẹ̀ síbẹ̀, èbúté ńlá ò sí níbẹ̀. Kùtọnù ló ni gbogbo ìyẹn. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni olórí ohun tó ṣẹ́ kù sí Àjàṣẹ́ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé èèyàn wa máa ń kọjá lára rẹ̀ lọ ra ọkọ̀ àti aṣọ, tí wọn kì í yà.

Lábẹ́ agboòrùn àwọn tó ń ṣẹ́ owó, Àǹtí jókòó pa, wọ́n ń ná an. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lọ́dún 2023, ẹni tó bá ń lọ sí ìlú onísẹ́fà gbọ́dọ̀ múra ọkàn: ìdì náírà wọlé, ìwé sẹ́fà tẹ́ẹ́rẹ́ jáde. Nípa àwọn okùn tí wọ́n ń na dí ojú ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì, mi ò ní sọ púpọ̀. Ẹ mú ìwé ìrìnnà àti yẹ́lò káàdì yín dání, ẹ sì mú sùúrù.

Láti Ìgólò, ẹnubodè apá Bẹ̀nẹ̀, ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn, Yorùbá bíi tiwa, ló kọ́kọ́ wà níwájú. Àwọn Ìfọ̀nyìn wà lẹ́yìn wa ní Nàìjíríà, wọ́n tún wà níwájú. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ló gba àárín wọn kọjá. Nínú mọ́tò, ìyá kan ń rojọ́ fún awakọ̀ nípa òkú kan tí wọ́n ṣe ní àdúgbò wọn, tí àwọn ọmọ olóòkú pín aṣọ ẹbí fún gbogbo ayé tí wọ́n yọ òun sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi, títí kan èébú abẹ́nú. Mo wá gbójú sókè wo ojú títì: PHARMACIE. COUTURE. QUINCAILLERIE. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é, ká tó sọ pé mo mọ ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. (Irin, ìṣó àti ọ̀dà ni. Àǹtí ló bá mi béèrè.) Bó ṣe rí nìyẹn títí tí a fi padà: ohun tí mo bá gbọ́ yé mi, ohun tí mo bá fẹ́ kà ò yé mi.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, epo bẹntiróòlù wà nínú ìgò lórí tábìlì, ó ń dán nínú oòrùn. Kpayo ni wọ́n ń pè é. Epo Nàìjíríà tí wọ́n gbé gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ni, òun sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àti ọ̀kadà ibẹ̀ ń mu. Nígbà tí Àbújá yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, ọjọ́ náà gan-an ni wàhálà dé bá tábìlì wọ̀nyí. Awakọ̀ wa ní àwọn kì í gbọ́ ìròyìn Pórtó-Novo tó bí àwọn ṣe ń gbọ́ ti Àbújá.

A wọ̀ sí ilé àlejò tó wà nínú ọgbà Songhaï, oko tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀, ní Ọ̀wándó. Oúnjẹ alẹ́ ni amíwò àti adìyẹ díndín. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni amíwò, omi tòmátì àti epo ni wọ́n fi rò ó, ó pupa, ó sì le díẹ̀, bí ẹ̀bà tí wọ́n fi ọbẹ̀ ata tẹ̀. Àǹtí ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ sí i. Àwọn tó gbé e wá ní ọbẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Àǹtí ní kí wọ́n ṣáà bù ú.

Ọjọ́ Ẹtì

Kẹ́kẹ́nọ̀ ni wọ́n ń pe ọlọ́kadà níbí. Ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó gun un, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Kí n má purọ́, mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ ló gbé mi wá sí Àjàṣẹ́. Ẹni tí wọn ò bá sọ fún, tí wọ́n kàn mú dé iwájú rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ló máa pè é. Ilé ìṣọ́ méjì nà sókè lápá òsì àti ọ̀tún, iwájú rẹ̀ kún fún òdòdó àti ewé tí wọ́n fi símẹ́ǹtì mọ, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ oríṣiríṣi tí òjò àti oòrùn ti ń bá jà tipẹ́. Ilé yìí bá àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà ní Bràsíìlì mu, ìdí rẹ̀ ò sì fara sin. Àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ. Àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì tí wọ́n sì padà wá ni wọ́n. Yorùbá pọ̀ nínú wọn, Mùsùlùmí náà sì pọ̀. Ní 1835, àwọn Mùsùlùmí Yorùbá tó wà lóko ẹrú ní ìlú Salvador dìde sí àwọn tó ni wọ́n. Apá ò ká a, ìjọba ibẹ̀ pa nínú wọn, ó lé àwọn mìíràn padà sí Áfíríkà. Lẹ́yìn wọn, àwọn tó ti ra ara wọn padà ń wọkọ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bíríkìlà àti káfíńtà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí inú wọn wá fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, irú ilé Ọlọ́run tí ọwọ́ wọn mọ̀ ni wọ́n kọ́. L'Ékòó, Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 wá láti ọwọ́ irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ti Èkó rọra bọ̀wọ̀ fún ojú ayé díẹ̀. Ti Àjàṣẹ́ ò dọ́gbọ́n kankan.

Àǹtí wò ó lọ wò ó bọ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tó kọ́ eléyìí ò bẹ̀rù ẹnu ayé."

Baba kan tó ń bọ̀ láti ìrun Jímọ́ọ̀ dúró kí wa. A kúnlẹ̀, baba ní ká dìde, wọ́n bi wá ibi tí a ti wá. "Abẹ́òkúta, sà." Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ẹ kì í ṣe àlejò nígbà yẹn." A bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ́. Wọ́n ní bàbá àwọn kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ òdòdó mọ́ ara ògiri báyìí mọ́; búlọ́ọ̀kù ni gbogbo wọn ń tò. Mo tọ́ka sí àkọlé kan lára ògiri, mo bi wọ́n ohun tó wí. Baba fi ọwọ́ pe ọmọdébìnrin kan tó wọ káákì ilé ìwé. Ọmọ náà kà á ní Faransé geere, ó wá tú u fún wa ní Yorùbá láìwo baba lójú, nítorí ojú ń tì í. Yorùbá rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Bí èmi bá sọ̀rọ̀ díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì á ti yọ́ wọ inú rẹ̀. Tirẹ̀, Faransé ló ń yọ́ wọ̀ ọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n tètè fura sí ara mi. Baba ní àwọn ò fi Yorùbá kàwé ní ilé ìwé rí, ẹnu ìyá àwọn ni àwọn ti gbọ́ ọ, àti orí rédíò.

Lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ni àwọn òpópó Àgùdà wà, ibẹ̀ la sì pẹ́ sí jù. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé onígi gíga, ilẹ̀kùn tó tẹ̀ lórí bí òṣùmàrè, orúkọ ìdílé tó jẹ́ ti Potogí. Ọ̀kan wà tí mi ò lè gbàgbé kíákíá. Wọ́n mọ òpó méjì sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n fi ewé àjàrà símẹ́ǹtì wé òpó náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Lápá òsì, ewé náà pé. Lápá ọ̀tún, ìdajì ti ya bọ́, amọ̀ pupa tó wà nínú sì ti yọ síta. Ẹ lè rí egbò koríko tí wọ́n pò mọ́ amọ̀ náà lọ́jọ́ kìíní. Igi ọ̀dán ti ta gbòǹgbò sí fèrèsé òkè. Ẹnìkan sá aṣọ sí ara irin àgbékà rẹ̀. Nísàlẹ̀, obìnrin kan ń dín yovo doko, ìyẹn pọ́fpọ́ọ̀fù tiwọn, ní abẹ́ àjà tí mi ò lè fi orí mi dúró sí abẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ń pa ilé wọ̀nyí ò ṣòro. Amọ̀ ni ara wọn, aṣọ símẹ́ǹtì tàbí ẹfun lásán ló bò wọ́n. Bí páànù orí bá ti lu tí òjò ráyè wọlé, ó kú díẹ̀. Ta ló máa wá pààrọ̀ páànù? Ilé ẹbí ni. Àrólé wà ní Kùtọnù, wọ́n wà ní Paris, wọ́n wà l'Ékòó. Ẹni tó ní owó ò fẹ́ ná an sórí ohun tí gbogbo ẹbí ni, ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ò ní owó, wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni tà á. Ẹ jọ̀wọ́, ká má fi wọ́n ṣẹlẹ́yà. Ilojo Bar, ilé Àgùdà tó wà ní Tinubu Square l'Ékòó, ìjọba ti kéde rẹ̀ ní 1956 gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016. Ti Àjàṣẹ́, ó kéré tán, òjò ló ń wó o.

A yà sí Musée da Silva, tí Urbain-Karim da Silva, oníṣòwò ìlú náà, dá sílẹ̀ láti fi tọ́jú ìtàn àwọn Àgùdà. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: orúkọ Kátólíìkì kan, orúkọ Mùsùlùmí kan, orúkọ Potogí kan, lára èèyàn kan ṣoṣo. Inú ilé náà kún ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó tò ó fẹ́ràn gbogbo nǹkan dọ́gbadọ́gba. Agbọ̀rọ̀sọ tó mú wa yí ká ń sọ Faransé, nígbà tí Àǹtí ké gbàjarè ló yí i sí Yorùbá. Ó ti ń sọ Faransé fún wa fún bí ogún ìṣẹ́jú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Àjàrá. Kò jìnnà sí ìlú, kẹ́kẹ́nọ̀ gbé wa débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ọjà ọrún ni ọjà ibẹ̀, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń ná, ìyẹn ni pé kì í bá ọ̀sẹ̀ olóyìnbó rìn. Bó ṣe bọ́ sí Àbámẹ́ta fún wa yìí, oríire ni.

Apá kan jẹ́ ti àwọn amọ̀kòkò, apá kan jẹ́ ti elewé àti elégbòogi pẹ̀lú orí ẹran gbígbẹ tí Àǹtí sáré kọjá níbẹ̀. Apá onílù ni mo ní kí a dúró sí. Àjàrá ló ń gbẹ́ ìlù fún gbogbo agbègbè náà. Ọkùnrin kan ń gbẹ́ inú igi pẹ̀lú àáké kékeré ọlọ́wọ́ gígùn, ó ń ṣe é kíá, ó ń dúró ní gbogbo ìgbà kó fi ìka kan ara igi náà láti gbọ́ bó ṣe nípọn tó kù. Kò wo inú rẹ̀ rárá. Etí ló fi ń wọ̀n ọ́n.

Àǹtí fẹ́ ra ọ̀kan fún ọmọ wọn. Ègùn ni ọkùnrin náà ń sọ, Yorùbá rẹ̀ ò sì ju iye owó lọ. Wọ́n dá iye kan, ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi kún un, ó padà sídìí igi rẹ̀. Obìnrin tó ń ta ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló wá dá sí i: "Ìyá, ẹ má bínú, awọ rẹ̀ ti wọ́n." Lẹ́yìn náà ni obìnrin yìí bi Àǹtí ohun tí wọ́n ń tà nílé. Aṣọ. Irú aṣọ wo? Àdìrẹ wà níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ ìlù parí síbẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ àdìrẹ Ìtòkú: èyí tó ń ṣí, èyí tí kì í ṣí, iye ọ̀pá, iye tó lè lọ ní Àjàṣẹ́ lásìkò ọdún. Mo jẹ àkàrà tán, mo jẹ wàràkàṣì díndín tán, wọn ò tíì dìde.

Ọjọ́ Àìkú

Ní òwúrọ̀, a wo ọgbà tí a ń sùn. Fadá Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, ló bẹ̀rẹ̀ Songhaï ní 1985 lórí ilẹ̀ hẹ́kítà kan. Ohun tó jọ mí lójú ni pé wọn kì í da nǹkan kan nù. Ìgbẹ́ ẹran àti ewéko tó ń bo ojú ọ̀sà ni wọ́n ń kó sínú ihò tí wọ́n bò, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ ni wọ́n fi ń dáná. Ìfun adìyẹ ni wọ́n ń fi tọ́ ìdin, ìdin náà ni ẹja ń jẹ, omi ẹja ni wọ́n ń bu sí ẹ̀fọ́. Òórùn ibi tí ìdin wà ò ṣeé fẹnu sọ. Ọ̀dọ́ tó ń mú wa yí ká ò tiẹ̀ di imú rẹ̀ mú. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Nàìjíríà ti rán ọmọ wọn wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Rivers tiẹ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀sán la lọ sí ààfin Honmè. Kí Potogí tó fi Porto-Novo pè é ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìlú yìí ti ní orúkọ méjì: Àjàṣẹ́ ní ẹnu wa, Hogbonu ní ẹnu Ègùn. Ìtàn tí wọ́n ń pa ni pé ọdẹ láti ilẹ̀ Yorùbá ló kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, tí abàmì ẹ̀dá olórí mẹ́sàn-án sì yọ sí wọn láti inú òkìtì ọ̀gán. Ojúbọ rẹ̀ wà ní ìlú di òní. Ìgbà tó yá ni Tè-Agbanlin wá láti Allada, ó fi ìjọba Ègùn kalẹ̀. Ògiri pupa ni ààfin náà, àgbàlá lẹ́yìn àgbàlá, àwọn ẹnu ọ̀nà sì kéré débi pé ọba nìkan ló ṣeé ṣe kó má bẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi alunlun hàn wá, ọ̀pá irin olóruka tí wọ́n ń gbọ̀n nígbà orin àjógán. Ẹni tó gbé e lọ́wọ́ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan fún wa, ìró rẹ̀ mú bí abẹ.

Toffa tó jọba láti 1874 sí 1908 ni gbogbo ìtàn wọn ń padà sí. Ó mú Faransé mọ́ra, nítorí Dàhòmì ń yọ ọ́ lẹ́nu láti Àgbómẹ̀. Faransé fi ìyẹn ṣe àwáwí, wọ́n bá Béhanzin, ọba Dàhòmì, jagun, wọ́n gba gbogbo ilẹ̀ náà, Àjàṣẹ́ sì di olú ìlú àwọn amúnisìn. Orí ìyẹn ló ṣì ń jẹun lónìí. Èmi ò mọ̀ bóyá ọlọ́gbọ́n ni Toffa àbí ẹni tó ta ilé fún àlejò. Ọ̀rọ̀ ò le lọ́dọ̀ Àǹtí. Ọmọ Ẹ̀gbá ni wá. Dàhòmì gbógun wá bá Abẹ́òkúta ní 1851, ó tún padà wá ní 1864. "Èmi náà á mú ẹnikẹ́ni mọ́ra," ni wọ́n wí, wọ́n sì jáde lọ wá omi tútù.

Ní ìrọ̀lẹ́, a dúró lórí afárá ọ̀sà. Igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ sínú omi pọ̀ káàkiri, ẹ̀ka orí wọn ló ń yọ. Àkájà ni wọ́n ń pè é. Ẹja máa ń sá pamọ́ sáàárín ẹ̀ka wọ̀nyẹn, wọ́n á tóbi níbẹ̀, apẹja á wá fi àwọ̀n yí i ká, á fa igi yọ, á sì kó wọn. Ó nílò sùúrù oṣù púpọ̀. Ó tún nílò kí ẹlòmíràn má jalè lóru.

Ọjọ́ Ajé

A wo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun láti òkèèrè kí a tó lọ sí gáréèjì. Diébédo Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso tó gba ẹ̀bùn Pritzker ní 2022, ló ya àwòrán rẹ̀: igi ńlá tí àwọn àgbà ìlú máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Ilé tó rẹwà ni. Bí mo ṣe ń wò ó, òpó eléwé àjàrà yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn, àti páànù mélòó kan tí ì bá tó o.

Ẹni tó bá fẹ́ ariwo, kó kọjá sí Kùtọnù. Aago mẹ́sàn-án alẹ́, Àjàṣẹ́ ti ń sùn. Títì rẹ̀ mọ́ ju ti wa lọ, ọlọ́pàá rẹ̀ ò pariwo mọ́ wa, iná mànàmáná ò sì lọ títí tí a fi kúrò. Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni pé àwọn ibi ìtàn rẹ̀ ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ní Faransé nìkan. Ìlú tí àìmọye èèyàn ti ń sọ Yorùbá àti Ègùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí kò sì sí ìlà kan ní èdè méjèèjì lára ògiri tí a kà, ẹni tó kọ ọ́ mọ ẹni tó ń bá wí, kì í ṣe èmi, kì í sì ṣe baba mọ́ṣáláṣí yẹn.

Àǹtí ti gba nọ́ńbà obìnrin Àjàrá. Wọ́n fẹ́ gbé àdìrẹ wá ní oṣù kìíní, lásìkò ọdún Vodun, wọ́n sì ti ń ṣírò owó mọ́tò nínú mọ́tò. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ ọjà Àjàrá kí ẹ tó dá ọjọ́ ìrìn-àjò yín, nítorí ẹni tó bá débẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, àtẹ òfìfo ló máa bá.